Bí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Ṣe Lè Sáré Lórí Bọ́ọ̀dù Tí Kò Gbà

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ilé-iṣẹ́ kan rà ní nǹkan bí ọdún 2007 kì í tètè kú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé-iṣẹ́ náà á tà á, ẹlòmíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ó ti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, níbi tí àwọn oníṣòwò Computer Village ní Ìkẹjà ti ń tà wọ́n ní tòkunbọ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kí wọ́n tó gbé e wá sílé. Lónìí, a ń fi orúkọ kan náà pe mọ́tò, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà tí àwọn ará òkè òkun ti lò rí.

Ẹni tó bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ kí ó yára sí i, kí ó má sì ní owó tí yóò fi ra tuntun. Ó lè ti gbọ́ pé àwọn kan máa ń mú kí kọ̀ǹpútà wọn sáré ju bí wọ́n ṣe rà á lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wo inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, kò ní rí ibì kankan tí ó ti lè ṣe é. Nínú àlàyé yìí, a ó wo ìdí tí ọ̀nà náà fi dí, bí téèpù kékeré kan ṣe lè ṣí i, àti ohun tí téèpù náà kò lè ṣe.

Ìlù àti ẹsẹ̀ ijó

Processor ni ó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Motherboard, tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní bọ́ọ̀dù, ni pátákó tí a to gbogbo ẹ̀yà tó kù mọ́. Lórí bọ́ọ̀dù yìí ni ẹ̀yà kékeré kan wà tí ó dà bí onílù. Iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà tó dọ́gba ni ìlù rẹ̀, gbogbo ẹ̀yà tó kù ló sì ń tẹ̀ lé e. MHz kan jẹ́ ìlù mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. GHz kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan MHz.

Ẹ jẹ́ ká mú processor kan ṣe àpẹẹrẹ: Core 2 Quad Q6600, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní oṣù January ọdún 2007. Ìlù tí ó ń tẹ̀ lé jẹ́ 266 MHz. Ní ìgbàkigbà tí ìlù náà bá dún lẹ́ẹ̀kan, processor yìí á gbé ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án. Bí a bá sọ 266 di ìlọ́po mẹ́sàn-án, a ó ní nǹkan bí 2,400 MHz, ìyẹn 2.4 GHz. Eré tí wọ́n kọ sí i lára nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ kí oníjó yára, ọ̀nà méjì ló wà: kí ó fi kún ẹsẹ̀ tó ń gbé, tàbí kí onílù yára. Intel ti ti ọ̀nà kìíní pa. Q6600 kò lè gbé ju ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Ọ̀nà kejì ló ṣẹ́ kù. Bí ìlù bá kúrò ní 266 tí ó di 333, tí ẹsẹ̀ sì wà ní mẹ́sàn-án, a ó ní 3.0 GHz. Ìyẹn fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní overclock nìyẹn: kí a mú kí processor sáré ju bí wọ́n ṣe tà á lọ.

Ìdí tí bọ́ọ̀dù fi ń kọ̀

Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún àwọn tó fẹ́ràn irú eré yìí máa ń ní ojú ìwé kan nínú BIOS tí ẹ ti lè yí ìlù padà. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í ní in. Ilé-iṣẹ́ tó ta ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà fún báǹkì kan kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan fọwọ́ kan ohun tí yóò mú kí ẹ̀rọ dákú lẹ́nu iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ẹ̀yà tó ń gbé iná fún processor lórí bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, àti fáànù inú àpótí rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára àṣẹ́kù. Kì í ṣe ìkà nìkan ni ó ń mú kí bọ́ọ̀dù kọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà náà wà níbẹ̀. Ní oṣù July ọdún 2007, Intel gbé processor mìíràn jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Core 2 Extreme QX6850. Ìlù rẹ̀ jẹ́ 333 MHz, eré rẹ̀ sì jẹ́ 3.0 GHz. Dọ́là 999 ni iye rẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, Q6600, tó bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 851, já wálẹ̀ sí dọ́là 266. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì: ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe wọ́n. Ohun tó yà wọ́n ni eré, àti pé Intel kò ti iye ẹsẹ̀ QX6850 pa. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá gbé Q6600 rẹ̀ dé 3.0 GHz, kì í ṣe idán ló ń pa. Eré tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń sá láti ilé-iṣẹ́ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú kan nínú 775

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Kí processor tó ṣe iṣẹ́ kankan, bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ mọ ìlù tí yóò lù fún un. Processor á fi ojú mẹ́ta dáhùn nínú àwọn ojú wúrà kéékèèké 775 tó wà ní abẹ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn mẹ́ta náà ni BSEL0, BSEL1 àti BSEL2. Ojú kọ̀ọ̀kan lè sọ 0 tàbí kí ó sọ 1. Bí gbogbo wọn bá sọ 0, bọ́ọ̀dù á lu 266. Bí BSEL2 nìkan bá sọ 1, bọ́ọ̀dù á lu 333.

Q6600 máa ń sọ 0 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀dù kò bá rí ẹni fara kàn ní ojú kan, 1 ni ó máa ń kà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fi téèpù tí iná kò lè gbà kọjá bo BSEL2, bọ́ọ̀dù á rò pé processor onílù 333 ló wà níwájú òun. Nínú àwòrán tí Intel ṣe fún àwọn ojú wọ̀nyí, BSEL2 wà ní ibi tí wọ́n kọ G30 sí, ní ìlà tó kángun sí etí. Téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò tó fún un, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ó gé kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ, kò sì gbọdọ̀ kan ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ gbà pé ohun gbogbo wà létòlétò. Ó á wá tún ìlù RAM tò kí ó bá ti processor mu. RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Ètò kan wà tí ń jẹ́ SetFSB, tí ó lè yí ìlù padà láti inú Windows láìlo téèpù. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹ̀yà onílù orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ gan-an. Bí ó bá sì yí ìlù padà, RAM náà á bá a sáré, ó sì lè jẹ́ RAM ni yóò kọ́kọ́ ṣubú.

Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ni téèpù ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ wo orúkọ chipset rẹ̀, ìyẹn alárinà láàárín processor àti RAM. Nígbà tí ìlù bá dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìsọfúnni ń kọjá láàárín wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ 1066 fún ìlù 266, tí wọ́n sì ń kọ 1333 fún ìlù 333. Chipset Q35 àti G33 gba 1333. 945G àti Q965 kò kọjá 1066. Bí bọ́ọ̀dù kò bá mọ ìlù náà, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn. Ẹ yọ téèpù náà, yóò sì padà sí bí ó ṣe wà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀dà gbogbo fáìlì yín sí ibòmíràn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tó ṣí àpótí. Ẹ yọ fáànù àti irin tó ń fa ooru, ẹ fi sípíríìtì nu thermal paste tó ti gbẹ kúrò, kí ẹ tó gbé processor. Ẹ má fi ọwọ́ kan àwọn irin tín-ín-rín tó wà ní ìjókòó processor lórí bọ́ọ̀dù, torí pé wọ́n máa ń tètè tẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ téèpù, ẹ fi thermal paste tuntun sí i kí ẹ tó dá irin náà padà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Ohun tí téèpù kò lè ṣe

Téèpù ń yí ìlù padà. Kì í fi kún fóltéèjì. Iye iná tí processor béèrè fún ni bọ́ọ̀dù yóò fún un. Ọ̀pọ̀ Q6600 lè sá eré 3.0 GHz pẹ̀lú ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò lè ṣe é.

Téèpù kì í sì í fi kún agbára fáànù. 130 wáàtì ni Intel kọ sí QX6850. Oríṣi Q6600 méjì ló sì wà. Èyí tí wọ́n kọ SL9UM sí lórí jẹ́ 105 wáàtì, ooru ìta rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 62.2°C. Èyí tí wọ́n kọ SLACR sí jẹ́ 95 wáàtì, ó sì lè fara da 71°C. Bí ti yín bá jẹ́ SL9UM nínú àpótí ọ́fíìsì tóóró, ẹ jẹ́ kí ó wà bí ó ṣe wà.

Ẹ ro yàrá náà mọ́ ọn. Fáànù kò lè mú kí processor tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe dáadáa nínú yàrá 20°C ní Manchester yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n 12 gbóná sí i nínú yàrá 32°C ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá ń ṣe é fún ìbátan yín tó wà nílé, ooru ilé ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe ti ibi tí ẹ wà.

Ewu tó burú jù kì í ṣe kí kọ̀ǹpútà dákú. Èyí tó bá dákú ti sọ fún yín pé agbára òun kò gbé e. Èyí tó ń ṣi ìṣirò ṣe díẹ̀díẹ̀, tó sì ń kọ àṣìṣe náà sínú fáìlì yín láìsọ nǹkan kan, ni ẹ ó bẹ̀rù, pàápàá bí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín bá wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Memtest86+ yẹ RAM wò ní òru kan, kí Prime95 sì fi iṣẹ́ líle dán processor wò fún wákàtí mélòó kan. Ẹ máa wo bí ooru ṣe ń lọ. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá yọ, ẹ yọ téèpù.

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ó dá lórí ohun tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Bí ẹ bá ń yí fídíò padà láti oríṣi kan sí òmíràn, iṣẹ́ tó ń gba ìṣẹ́jú 50 lè parí ní nǹkan bí 40. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń pẹ́ kó tó jí tàbí kó tó ṣí fáìlì, díìsìkì ni ó ń dúró dè, kì í ṣe processor. SSD tuntun yóò ràn yín lọ́wọ́ ju téèpù lọ níbẹ̀.

Eré nìkan kọ́ ni ìṣòro ẹ̀rọ àtijọ́. Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025. Windows 11 kò ka Q6600 mọ́ àwọn processor tó gbà, ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2024 kò sì lè jí lórí rẹ̀ rárá, nítorí pé ó ń béèrè àṣẹ ìṣirò kan tí kò sí nínú processor ọdún 2007. Téèpù kò lè fi àṣẹ yẹn sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Linux ṣì ń gbà á.

Nítorí náà, ẹ nu eruku inú fáànù lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi SSD sí i, ẹ fi kún RAM, ẹ sì yan Linux tó fúyẹ́. Bí iṣẹ́ yín bá ṣì ń fẹ́ ìṣirò púpọ̀ lẹ́yìn èyí, tí processor jẹ́ SLACR, tí chipset sì gba 1333, nígbà náà ni kí ẹ wá téèpù.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí a kò fi lè fi kún iye ẹsẹ̀ tí Q6600 ń gbé?
2. Ta ni ó ń yan ìlù nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí, ọ̀nà wo sì ni ó ń gbà mọ èyí tí yóò lù?
3. Ṣé ẹ gbà pé ó tọ́ kí bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì máa kọ̀? Ẹ sọ ìdí yín ní gbólóhùn mẹ́ta.
4. Ẹ wá gbólóhùn mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Bí ẹ bá” nínú àlàyé yìí, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tiyín parí wọn.
5. Ẹ ṣàlàyé fún ìyá àgbà kan tí kò lo kọ̀ǹpútà rí ohun tí ìlù àti ẹsẹ̀ dúró fún níhìn-ín.