Mọ́ṣáláṣí Zaria Tó Wó: Kí Ni Kọ̀ǹpútà Lè Dá Padà?

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà ìrun Àsárì, ni apá kan mọ́ṣáláṣí àgbà Zaria ní ìpínlẹ̀ Kàdúná wó lu àwọn tó ń kírun. Ó kéré tán, ènìyàn méje kú. Babban Gwani Mikhaila, ọ̀gá ọ̀mọ̀lé ilẹ̀ Hausa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí náà láyé Ẹ́mía Abdulkarim, tó jọba láti 1834 sí 1846.

Amọ̀ àti igi ló fi kọ́ ọ. Igi azara, tí ikán kò lè jẹ, ni wọ́n ń tò sínú amọ̀: ọ̀kan á yọ síwájú díẹ̀ ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, títí apá ọ̀tún àti tòsì yóò fi pàdé lókè. Ọgbọ́n ńlá gbáà ni.

Ilẹ̀ Faransé ti rí irú òfò yìí. Ilé ìjọsìn àwọn mọ́ńkì ní Cluny, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1088, gùn tó mítà 187. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1789, wọ́n tà á, wọ́n sì ń wó o kó òkúta rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lónìí, àlejò tó bá dúró níbẹ̀ ń rí i lódindi lójú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ Kenneth Conant, ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1928, wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà gbára lé láti yà á padà.

Zaria náà ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ọmọ Poland, ya àwọn ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ìwé rẹ̀ onípele mẹ́ta jáde ní 1990. Ẹ̀dà mọ́ṣáláṣí náà wà ní mùsíọ́mù ìlú Jos. A lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán ọwọ́ kì í gba gbogbo nǹkan. Ẹ̀rọ lésà ń ka àìmọye ojú àmì lára ògiri, títí kan ibi tó là. Irú rẹ̀ ni Zamani Project ti yunifásítì Cape Town gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí Djenné ní Mali, ilé tó ṣì dúró.

Kí ìjọba Kàdúná tètè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé ohunkóhun tó bá ṣì kù ní Zaria. Kí mùsíọ́mù tó wà ní Ali Akilu Road nígboro Kàdúná sì fi àbájáde rẹ̀ han àwọn ọmọ ilé-ìwé.