Ta Ni Ó Lè Tú Ìgbéyàwó Ṣọ́ọ̀ṣì Ká?

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjòkó, a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Tọkọtaya tí ó gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ ti ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára láti tú u ká. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1970, Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè ṣe é. Ọ̀kan sì wà ní Ọ̀tà nítòsí wa. Ẹni tí ó bá fi ìwé kóòtù ìbílẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísírì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura.

Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, a ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́. Ohun tí a ó fi hàn án ni pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe: bóyá ẹnì kan ti fi ilé sílẹ̀ fún ọdún 1, tàbí àwọn méjèèjì ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3. Ọdún 2 tó, bí ẹnì kejì kò bá takò ó.

Àṣẹ àkọ́kọ́ kò tíì tú ìgbéyàwó, ó kéré tán oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ yóò kọ́kọ́ bèèrè ètò ìtọ́jú rẹ̀.