Tánjẹ́ǹtì àti Ọ̀rọ̀ náà "Àìlópin"

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni a ti kọ́ pé tánjẹ́ǹtì igun 90° "jẹ́ àìlópin". Gbólóhùn náà rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, kò sì yẹ kí àwa tí a ń túmọ̀ ìwé ìṣirò gbà á wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a ya òbírípo kan tí ìwọ̀n rẹ̀ láti àárín dé etí jẹ́ 1, kí a sì fa ìlà kan láti àárín lọ sí etí. Gíga ibi tí ìlà yìí ti kan etí ni sáìnì igun tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ìlà ìbú. Òbírípo ti sé e mọ́: kò lè ga ju 1 lọ, kò sì lè rẹlẹ̀ ju -1 lọ. Bákan náà ni kosáìnì rí. Ṣùgbọ́n ìta ni tánjẹ́ǹtì wà, lórí ìlà òòró tí ó fara kan òbírípo lápá ọ̀tún. Bí a bá fa ìlà àárín náà síwájú títí ó fi pàdé ìlà òòró yìí, gíga ibi ìpàdé wọn ni tánjẹ́ǹtì. Thomas Fincke, tí ó fi orúkọ náà lélẹ̀ ní 1583, mú un láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí fífi ara kan nǹkan. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ìlà afarakàn".

Ní 45°, gíga náà jẹ́ 1. Ní 89°, ó tó 57.29, ní 89.9°, 572.96; ní 89.99°, 5,729.58. Iye yòówù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá, a ó rí igun tí tánjẹ́ǹtì rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ní 90° gan-an, ìlà méjèèjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò pàdé rárá. Níbi tí kò sí ìpàdé, gíga wo ni a ó wọ̀n? Ní 91° ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn ni a ó ti fa ìlà náà kí ó tó pàdé èkejì, nísàlẹ̀, ní -57.29. Bí 90° bá jẹ́ "àìlópin", ṣé ti òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀?

Mo rò pé "ìyè àìnípẹ̀kun" inú Bíbélì wà lára ohun tí ó mú wa máa ro àìlópin bí ibi tí ènìyàn lè dé. "Aláìníye" pàápàá kò ní ṣe é lò, nítorí ohun tí kò ṣe é kà ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo dábàá ni pé kí a kọ ọ́ báyìí: "Tánjẹ́ǹtì 90° kò ní iye, bí igun bá ń ti ìsàlẹ̀ sún mọ́ 90°, tánjẹ́ǹtì rẹ̀ ń pọ̀ sí i láìní ààlà." Síkáǹtì, tí í ṣe gígùn ìlà àárín náà dé ibi ìpàdé, yóò gba irú gbólóhùn kan náà.