Ká Tó Wá Káàdì Ìlera Lóru

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ àbúrò mi obìnrin tó wà ní JSS2. Ẹ mọ̀ ọ́n torí pé kì í wá sílé ẹ̀kọ́ déédéé, àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní ọ̀lẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́: SS ni jẹ́nótáìpù òun. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde ló ń bá a fínra. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilé tiwa nìkan. Ṣùgbọ́n àìsàn náà kọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Owó ìtọ́jú rẹ̀ ni.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìrora eegun dé sí i lóru. Bàbá mi gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ká san owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi, tó ń ta èlùbọ́, kó gbogbo owó ọjà rẹ̀ kalẹ̀, kò tó. Aago mẹ́ta òru ni bàbá mi ń pe àwọn ẹbí lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ké. Ilẹ̀ ti mọ́ kí owó tó pé.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì kan bi wá pé, "Ṣé ẹ ò ní káàdì adójútòfò ìlera ni?" A ò ní. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi sáré lọ forúkọ wa sílẹ̀. Wọ́n gba owó, àmọ́ wọ́n ní ó di lẹ́yìn 30 ọjọ́ kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àìsàn ò dúró de ọjọ́ yẹn o. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló tún dé. Owó ọwọ́ la tún fi san án.

Inú bí mi gan-an. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn dúró? Ìgbà tí mo béèrè ni mo tó lóye rẹ̀. Gbogbo wa la mọ àjọ: ohun tí o bá dá lo máa kó. Adójútòfò ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn á máa dá owó sínú àpò kan, ẹni tí àìsàn bá dé sí ni wọ́n á fi tọ́jú. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè má kó nǹkan kan lọ́dún yẹn, ìyẹn ò sọ pé wọ́n jẹ owó rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ tí àìsàn dé ni oníkálukú ń sáré wá dá tirẹ̀, àpò náà á gbẹ kíá. Ìdí tí wọ́n fi ń ní ká dúró nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ló yẹ kó tètè wọlé jù, kó sì máa san owó rẹ̀ lásìkò kí káàdì má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, òfin tuntun dé, òun ló dá àjọ NHIA sílẹ̀. Òfin yìí sọ pé gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera. Ó tún dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́: àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, arúgbó, àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, àti aláìní. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. OYSHIA ni ti Ọ̀yọ́, Ilera Eko ni ti Èkó. Oníṣòwò lè wọ̀ ọ́, mẹkáníìkì lè wọ̀ ọ́.

Àmọ́ o, káàdì ju káàdì lọ. Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí kẹ́ ẹ tó sanwó:

1. Ṣé wọ́n ń tọ́jú àìsàn téèyàn ti ní tẹ́lẹ̀? Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni kan kì í gbà á, àwọn mìíràn á dá iye owó tí wọ́n máa ná lé e.

2. Oògùn wo ló wà nínú rẹ̀? Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń lo folic acid àti Paludrine, dókítà sì ti kọ hydroxyurea fún un. Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, aláìsàn ló ń san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn. Oògùn ₦5,000, ₦500 lẹ máa san.

3. Tó bá gba pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ló lè lò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dún?

4. Ọsibítù wo la ó kọ́kọ́ lọ, ta ni yóò kọ ìwé pé ká lọ rí dókítà àgbà? Tó bá wá jẹ́ pàjáwìrì lóru, nọ́ńbà wo la ó pè?

5. Orúkọ ta ló wà lórí káàdì? Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni. Ẹ̀yin ará SS3, ẹ fetí sí èyí o: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pé ọdún 18, ẹ lè jábọ́ lórí káàdì òbí yín. Ètò kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń jẹ́ TISHIP. Tẹ́ ẹ bá wọ yunifásítì, ẹ béèrè rẹ̀.

Nígbà òjò tó kọjá, ìrora náà tún dé. Bàbá mi mú káàdì jáde, wọ́n sì gba àbúrò mi wọlé. Kò pe ẹbí kankan. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti dọ̀fẹ́ o. Oògùn kan wà tí kò sí nínú ìwé wọn, àwa là ń rà á. Ṣùgbọ́n owó ọjà màmá mi ṣì wà nínú ọjà.

Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹ bi àwọn òbí yín lálẹ́ òní bóyá káàdì wà nílé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè pe àwọn tó ń bójú tó ètò yìí wá síbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀? Àti pé, tẹ́ ẹ bá rí àyè àbúrò mi tó ṣófo, ẹ bá a kọ nóòtì sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ.