Ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà

Ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọdé nípa àwọn tó ti gbé ayé ṣáájú wọn, àti bí ìlú àti orílẹ̀-èdè wọn ṣe di ohun tó jẹ́ lónìí.

Nínú ètò-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ti ìjọba àpapọ̀, ìtàn kò dá dúró mọ́ bẹ̀rẹ̀ láti sáà 2009/2010. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ní ọdún 2018, ìjọba pàṣẹ kí ó padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n tún ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Àbújá.

Ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì mọ bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe gùn tó. Nítorí náà, ohun tó sún mọ́ ọn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀: ìgbà èwe ìyá rẹ̀ àgbà, oríkì ìdílé, orúkọ àdúgbò. Lẹ́yìn èyí ni ọdún 1914 àti 1960 yóò tó yé e.

Olùkọ́ tún gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ẹ̀rí. Pé Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ láti ọ̀run jẹ́ ìtàn ìwáṣẹ̀. Àwọn ère orí onídẹ tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 jẹ́ ẹ̀rí.

Ìṣòro tó kù ni ti olùkọ́: àwọn ọmọ tí kò kọ́ ìtàn lásìkò náà ti ń dàgbà di olùkọ́ báyìí.