Pípààrọ̀ Ìlànà Àkọsílẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé ohun tó wé mọ́ pípààrọ̀ ìlànà àkọsílẹ̀ kan sí òmíràn nínú kọ̀ǹpútà. Fi àpẹẹrẹ tòótọ́ gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó bá ń rìn ní Àjàó Estate lónìí kò ní pẹ́ rí tábìlì kékeré kan lábẹ́ agboòrùn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ POS gbowó, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ fúnni. Oníbàárà á ka nọ́ńbà mẹ́wàá jáde, á dárúkọ báńkì, ẹni tó jókòó níbẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́. Láìpẹ́, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á yọ. Ohun tó mú kí èyí rọrùn ni pé gbogbo báńkì ń tẹ̀lé ìlànà kan náà láti kọ nọ́ńbà àkáǹtì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀.

Ìlànà àkọsílẹ̀ ni àdéhùn lórí bí a ó ṣe kọ nǹkan sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè kà á: bí yóò ti gùn tó, èyí tí yóò ṣíwájú, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. Nígbà kan, báńkì kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ló ní tirẹ̀, gígùn nọ́ńbà wọn kò sì dọ́gba. Kò ni ẹni tó ń lo báńkì kan ṣoṣo lára. Ṣùgbọ́n bí owó bá fẹ́ ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn, kọ̀ǹpútà tó ń fi í ránṣẹ́ kò lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún un tọ̀nà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà tuntun kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NUBAN. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni. Mẹ́sàn-án ni ti oníbàárà. Ìkẹwàá ni ẹlẹ́rìí tí a fi ìṣirò wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ìṣirò mú bírò. Ká ní báńkì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ jẹ́ 011 ní oníbàárà tí tirẹ̀ jẹ́ 000001457. A ó tò wọ́n pọ̀: 011000001457. Láti òsì sí ọ̀tún, a ó fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀; yóò jẹ́ 81. Bí a bá fi 10 pín 81, ó ku 1. Bí a bá yọ 1 nínú 10, ó ku 9. (Bí èsì bá jẹ́ 10, òdo ni a ó kọ.) Àkáǹtì náà di 0000014579. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ 1 dípò 7, àròpọ̀ rẹ̀ á di 63, ẹlẹ́rìí á sì yẹ kó jẹ́ 7, kì í ṣe 9. Kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹlẹ́rìí yìí kì í sì í rí ohun gbogbo. Bí a bá gbé 1 sí ipò 4, tí a gbé 4 sí ipò 1, àròpọ̀ kò yí padà rárá, nítorí 3 ni a fi sọ àwọn méjèèjì di púpọ̀. Bákan náà, 011 ni nọ́ńbà First Bank, 033 ni ti UBA, 044 ni ti Access. Ìṣirò mú kí nọ́ńbà tó tọ̀nà ní ọ̀kan tọ̀nà ní méjèèjì yòókù. Ìdí nìyí tí a fi ń dárúkọ báńkì, tí oníbàárà sì gbọ́dọ̀ ka orúkọ tó yọ kó tó gbà pé kí owó lọ.

Ṣíṣe ìlànà tuntun kọ́ ni iṣẹ́ ńlá, bí kò ṣe kíkó àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ bọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo àkáǹtì tó wà nílẹ̀ ni a ní láti fún ní nọ́ńbà tuntun, kí a sì so tuntun mọ́ àtijọ́ kí owó ẹnikẹ́ni má baà sọnù láàárín. Wọ́n fún àwọn báńkì ní àkókò. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2012 ni a dá.

Irú iṣẹ́ yìí ti dé ibòmíràn báyìí. Àwọn kan ń lo aṣojú olóye àtọwọ́dá, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a lè rán níṣẹ́, tí yóò sì lọ jẹ́ ẹ fúnra rẹ̀: kó dáhùn lẹ́tà, kó ṣèwádìí iye ọjà. Irinṣẹ́ kan ni í máa tọ́jú àwọn iṣẹ́ náà, èyí tó kàn àti èyí tó parí, fáìlì ètò rẹ̀ sì ní ìlànà tirẹ̀. Ká ní ìlànà àtijọ́ pe ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí ní “òpin”, tí tuntun pè é ní “gbèdéke”. Bí a bá pààrọ̀ ìlànà láìtún fáìlì ṣe, irinṣẹ́ á wá “gbèdéke” tì. Irinṣẹ́ tó dára á dúró, á sì pariwo. Èyí tí kò dára á gbà pé iṣẹ́ náà kò ní gbèdéke, á sì tì í sẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yòókù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, èyí ló burú jù, nítorí ẹni tó gbọ́ ariwo á dìde.

Nítorí náà ni àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ sí orí fáìlì pé ìlànà kejì tàbí ìkẹta ni èyí, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ díẹ̀ dán tuntun wò. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ló le jù, nítorí aṣojú tó ti ṣe ìdajì lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. A ó kọ́kọ́ dá gbígba iṣẹ́ tuntun dúró, a ó jẹ́ kí èyí tó wà lọ́wọ́ parí, ìgbà náà ni a ó tó pààrọ̀ ìlànà, kí a tó tún máa gba iṣẹ́.