Ohun tí ń mú ọpọlọ ọmọ dàgbà

Bí ọmọ kò bá tètè mọ ìwé, àwọn mìíràn a máa pè é ní olódo, wọn a sì máa wí pé inú ẹ̀jẹ̀ ìyá tàbí ti bàbá rẹ̀ ni ó ti jogún rẹ̀. Ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ mọ bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà kí ó tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹyin adìyẹ wà lára ohun tí ó la ojú àwọn amòye sí ọ̀ràn yìí. Rita Levi-Montalcini, oníṣègùn obìnrin tí a bí ní ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì ní 1909, kò rí ààyè ṣiṣẹ́ mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nítorí òfin tí a ṣe sí àwọn Júù ní 1938. Ó sọ yàrá ibùsùn rẹ̀ di ibi ìwádìí, ó sì ń wo bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń hù lára ọmọ adìyẹ inú ẹyin. Ní àwọn ọdún 1950, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, òun àti Stanley Cohen rí èròjà tí ń mú iṣan náà hù. NGF ni wọ́n pè é. Ní 1986, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel.

Àgbẹ̀ a máa gbin àgbàdo mẹ́ta sí ihò kan, a sì fa èyí tí kò lágbára tu. Bẹ́ẹ̀ ni ti iṣan ọmọ inú oyún: ó ń hù ju iye tí ara yóò lò lọ. Èyí tí ó bá rí èròjà yìí gbà tó a yè. Èyí tí kò bá rí i a kú.

Ní 1982, Yves-Alain Barde, Hans Thoenen àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì yọ èròjà kejì láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. BDNF ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó gbà ń ṣiṣẹ́. Èyí tí a kò tíì gé ń ṣe iṣẹ́ àdá: ó ń dín ìsopọ̀ tí kò wúlò kù. Èyí tí a ti gé ń ṣe iṣẹ́ ajílẹ̀: ó ń mú kí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pọ̀, kí ìsopọ̀ wọn sì le. Oko tí kò rí àdá a di igbó. Èyí tí kò rí ajílẹ̀ kì í so dáradára.

Purotéènì ni èròjà wọ̀nyí, ó sì dàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú okùn. Lára àwọn ènìyàn kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo nínú BDNF, èyí tí ó wà ní ipò 66, yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Apá tí a óò gé sọnù ni ìlẹ̀kẹ̀ náà wà, nítorí náà ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kì í tú jáde tó nígbà tí ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí wọ́pọ̀ ní China àti Japan, ó sì ṣọ̀wọ́n ní Áfríkà. Ní 2003, àwọn olùwádìí wí pé ó ń dín agbára ìrántí kù díẹ̀. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí ó ní i ni wọ́n mọ̀wé dáradára. Ìlẹ̀kẹ̀ kan kò lè sọ ọmọ di olódo.

Ohun tí ó wà ní ọwọ́ òbí pọ̀. Kí aboyún lọ gba ìtọ́jú ní àkókò, kí ó sì máa fi iyọ̀ tí a fi áyódìn sí se oúnjẹ, nítorí ọpọlọ ọmọ inú kò lè dàgbà dáradára láìsí áyódìn. Kí a jẹ́ kí ọmọ sáré kí ó sì ṣeré: BDNF a máa pọ̀ sí i nínú ọpọlọ eku tí ó ń sáré. Kí a máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti kékeré. Bí ó bá sì ń fà sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́, kí a kọ́kọ́ mú un lọ yẹ etí àti ojú wò. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn olùkọ́ kì í ṣe olódo.